Ta ni Paul Graham? Láti Viaweb dé Y Combinator, àti bí ọ̀nà ìdókòwò rẹ̀ ṣe dé Èkó

Paul Graham jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, òǹkọ̀wé àti olùdókòwò tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1995, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Robert Morris, dá ilé-iṣẹ́ Viaweb sílẹ̀, èyí tí Yahoo rà ní ọdún 1998. Ní ọdún 2005, òun, Jessica Livingston, Robert Morris àti Trevor Blackwell dá Y Combinator sílẹ̀. Iṣẹ́ Y Combinator ni láti fi owó àti ìmọ̀ràn ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Reddit, Dropbox, Airbnb àti Stripe gba ibẹ̀ kọjá. Paystack, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Nàìjíríà fi ń gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ òbí lónìí ni ọmọ wọn ti wá bá, tó sọ pé òun fẹ́ dá startup sílẹ̀, òun sì ń wá olùdókòwò. Àwọn òbí mìíràn rò pé owó yíyá ni ọmọ ń sọ. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀rọ̀ yahoo-yahoo ni. Ìtàn iṣẹ́ Graham yóò jẹ́ ká mọ ohun tí olùdókòwò irú èyí ń fúnni àti ohun tó ń gbà, nítorí pé àdéhùn tí ẹnìkan bá a ṣe nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́ ló sọ di ìlànà fún ilé-iṣẹ́ tó ti ju 4,000 lọ.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 1964 ni wọ́n bí Graham ní Weymouth, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí agbègbè Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó lò ni IBM 1401 tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé-ìwé kan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni, kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè máa fi kọ ọ̀rọ̀ sí i bíi ti òde òní. Orí káàdì tí a lu ihò sí ni wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣe.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Cornell, ó sì parí ní ọdún 1986. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Harvard, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ tún wà nínú àwòrán yíyà. Ó kọ́ ọ ní Rhode Island School of Design, ó sì tún lọ kọ́ ọ ní Florence, ní Ítálì. Àkókò yìí náà ló kọ ìwé lórí Lisp, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. On Lisp jáde ní ọdún 1993, ANSI Common Lisp sì tẹ̀ lé e.

Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ayé rẹ̀ nígbà náà kò lórí, kò nídìí: fìlọ́sọ́fì, kọ̀ǹpútà, àwòrán. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwòrán yìí ló mú un pàdé ẹni tó kọ́kọ́ fún un lówó láti fi ṣòwò, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Artix: òwò àkọ́kọ́ tí kò ta

Ní ọdún 1995, Graham àti Morris kọ́kọ́ dá òwò kan tí wọ́n pè ní Artix sílẹ̀. Èrò wọn ni láti gbé ilé ìtajà àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lọ bá àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹni náà kò fẹ́ ẹ, kódà nígbà tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ kò sí ẹni tó nílò rẹ̀.

Ohun tí Graham kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Y Combinator yóò mú gbólóhùn kan ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n yàn ni pé kí èèyàn ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́.

Viaweb: ṣọ́ọ̀bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Wọ́n fi ilé àwòrán sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fẹ́ ṣe ohun tí oníṣòwò yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ó gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni èèyàn máa ń rà, tí yóò sì gbé sínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ kó tó lè lò ó. Viaweb kò rí bẹ́ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ni ètò náà wà, oníṣòwò kàn ń wọ̀ ọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bí a ṣe ń lo í-meèlì àti báǹkì lórí fóònù lónìí nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun àjèjì ni ní ọdún 1995.

Owó ńkọ́? Graham jẹ ìjọba ní owó orí tó pọ̀ ju ohun tó wà ní báǹkì rẹ̀ lọ. Ó ti ṣe olùrànlọ́wọ́ rí fún ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Idelle Weber. Ọkọ obìnrin yìí, Julian Weber, jẹ́ lọ́yà. Ọ̀gbẹ́ni Weber fún wọn ní 10,000 dọ́là. Ó bá wọn ṣe ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí òwò. Kò ní kí wọ́n dá owó náà padà ní ọjọ́ báyìí, kò sì bu èlé lé e. Ohun tó gbà ni ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà. Bí Viaweb bá wọ́lẹ̀, owó rẹ̀ bá a lọ. Bó bá di ńlá, ìpín rẹ̀ di ńlá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ ló mọ kọ̀ǹpútà, lọ́yà ló mọ ìwé àti àṣà òwò. Trevor Blackwell náà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì ṣí Viaweb fún àwọn oníbàárà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996.

Ọjà kò yá lójú ẹsẹ̀. 100 dọ́là lóṣù ni ṣọ́ọ̀bù kékeré ń san, ṣọ́ọ̀bù ńlá ń san 300. Nígbà tí ọdún 1996 fi parí, bí àádọ́rin (70) oníbàárà ni wọ́n ní. Ìparí ọdún 1997 ni wọ́n tó ní bí 500. Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà, wọ́n á sì máa dá wọn lóhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ohun tí oníṣòwò ń fẹ́ gan-an. Ní ọdún 1998, Yahoo ra Viaweb ní nǹkan bí 49 mílíọ̀nù dọ́là, ìpín nínú Yahoo ni wọ́n sì fi san án. Yahoo Store ni orúkọ rẹ̀ dà. Graham fi Yahoo sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Òǹkọ̀wé

Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí kọ̀ǹpútà, òwò àti bí èèyàn ṣe ń ronú. Ní ọdún 2002, ó kọ ọ̀kan lórí bí a ṣe lè dá í-meèlì ìpolówó àti ti jìbìtì mọ̀. Àbá rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fara hàn nínú í-meèlì rere àti nínú ti játijàti, kó sì fi ìyẹn ṣírò bóyá lẹ́tà tuntun jẹ́ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ètò í-meèlì ló lo irú ọgbọ́n yìí lẹ́yìn náà. Ó kó díẹ̀ nínú àwọn àròkọ rẹ̀ jọ sínú ìwé Hackers & Painters ní ọdún 2004. Àwọn àròkọ wọ̀nyí ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tẹ́tí sí.

Bí Y Combinator ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ó sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard lórí bí a ṣe ń dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ rí, tó sì rí ṣe, ló yẹ kí wọ́n ti wá owó. Ojú gbogbo wọn bá yí sí òun alára. Láti ìgbà tí Viaweb ti tà ló ti ní in lọ́kàn láti máa dókòwò, kò kàn tíì ṣe é ni. Jessica Livingston, tí òun àti Graham wá ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 2008, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Boston nígbà náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pinnu láti dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pe Morris àti Blackwell sí i.

Nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ olùdókòwò, wọ́n ní kí àwọn mú ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní àkókò ìsinmi gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. 225 ló kọ̀wé béèrè, wọ́n sì mú mẹ́jọ. 6,000 dọ́là ni wọ́n fún olùdásílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí 12,000 fún ilé-iṣẹ́ ẹni méjì. Ohun tí wọ́n gbà ni ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń ṣe ìwé òfin ilé-iṣẹ́ fún wọn pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, Graham a máa se oúnjẹ fún gbogbo wọn, wọ́n á jọ jẹun, ẹnìkan tó ti rìn ní ọ̀nà náà rí á sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ohun tí Julian Weber ṣe fún Viaweb náà ni: owó díẹ̀, ìwé òfin, ìmọ̀ràn, àti ìpín.

Àwọn olùdásílẹ̀ Reddit wà nínú mẹ́jọ yìí, àti Sam Altman tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú OpenAI. Dropbox wọlé ní ọdún 2007. Airbnb wọlé ní ọdún 2009, lẹ́yìn tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti ta páálí oúnjẹ àárọ̀ ní 40 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ilé-iṣẹ́ wọn má bàa kú. Graham ní kí wọ́n lọ sí New York, kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń fi ilé wọn gbàlejò lójúkojú. Wọ́n lọ, wọ́n ń ya fọ́tò ilé wọn fún wọn, òwò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

Owó yíyá kọ́: ìpín ni

Ibi tó yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí fara balẹ̀ wò jùlọ nìyí. Ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ báǹkì tàbí lọ́wọ́ onísọgúndogójì yóò san án tòun tèlé, bóyá òwò náà jèrè tàbí kò jèrè. Ẹni tó bá fi owó ra ìpín jọ ni òwò náà ni. Ẹni tó bá mọ àjọṣe òwò tí àwọn onímọ̀ fiqhi ń pè ní mushāraka yóò rí i pé ìrònú méjèèjì súnmọ́ ara wọn: èrè kan gbogbo wọn, àdánù náà sì kan gbogbo wọn.

Àmọ́ orúkọ kan náà kì í jẹ́ kí nǹkan di ọ̀kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí àwọn olùdókòwò ilé-iṣẹ́ tuntun sábà máa ń lò jẹ́ ìwé gbèsè tó ní èlé àti ọjọ́ ìsanpadà, tó lè wá di ìpín lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2013, Y Combinator gbé ìwé tuntun jáde tí wọ́n pè ní SAFE. Kò sí èlé nínú rẹ̀, kò sí ọjọ́ ìsanpadà, kì í sì í ṣe gbèsè. Ìwé méjèèjì ṣì wà lóde, ìdókòwò sì ni wọ́n ń pe méjèèjì. Nítorí náà, kí ọmọ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó gbé e fún lọ́yà, kí ó sì béèrè ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí rẹ̀ lọ́wọ́ onímọ̀.

Ìpín náà ní iye tirẹ̀. Láti ọdún 2022, 125,000 dọ́là ni Y Combinator ń san fún ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń fi 375,000 mìíràn kún un lórí ìwé SAFE, tí ìyẹn náà yóò di ìpín tó bá yá. Bí olùdókòwò mìíràn bá tún wọlé, ìpín olùdásílẹ̀ á tún dínkù. Ẹni tó bá ń bù ú fún gbogbo ẹni tó bá mú owó wá lè jí lọ́jọ́ kan kó rí i pé ilé-iṣẹ́ tí òun dá sílẹ̀ kì í ṣe ti òun mọ́.

Púpọ̀ nínú wọn kì í yọrí

Graham kò fi èyí pamọ́. Ní ọdún 2012, ó kọ ọ́ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tí àwọn ti dókòwò lé, tí wọ́n ti tó ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, tó nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, ṣùgbọ́n méjì péré, Dropbox àti Airbnb, ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà. Olùdókòwò tó gbin ọgọ́rùn-ún lè jẹun lára méjì. Ọmọ tó ni ọ̀kan péré kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwò tó kú kì í fi gbogbo ìgbà pa ẹni tó ni ín. Justin Kan àti Emmett Shear wà nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Kiko, kàlẹ́ńdà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Google gbé kàlẹ́ńdà tirẹ̀ jáde, ọ̀nà sì dí. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé Kiko ta lórí eBay ní 258,100 dọ́là. Wọ́n padà wá pẹ̀lú èrò mìíràn, èyí tó di Twitch nígbẹ̀yìn. Amazon ra Twitch ní ọdún 2014 ní nǹkan bí 970 mílíọ̀nù dọ́là. Nítorí pé gbèsè kò so mọ́ wọn lọ́rùn láti ara Kiko, ó rọrùn fún wọn láti tún bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe dé Èkó

Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí àwọn méjèèjì jáde ní Yunifásítì Babcock ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ, dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó. Ìṣòro tí wọ́n dojú kọ kò ṣòro láti yé: bí oníṣòwò Nàìjíríà ṣe máa gba owó oníbàárà láti orí káàdì tàbí báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, wọ́n di ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó wọ Y Combinator. Flutterwave wọlé ní ọdún kan náà.

Graham kọ́ ló mú wọn. Ó ti fi ipò ààrẹ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ìlànà tó fi lélẹ̀ ló gbà wọ́n wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Stripe, ilé-iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Patrick àti John Collison tó ti gba Y Combinator kọjá ṣáájú wọn, ra Paystack. Ìròyìn sọ pé iye rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Báyìí ni ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ lánàá ṣe wá di ẹni tó ń ra ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn lónìí.

Àríwísí lórí rẹ̀

Ní ọdún 2013, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pẹ̀lú ìwé ìròyìn Inc., Graham sọ pé bí ohùn ilẹ̀ òkèèrè bá le jù lẹ́nu olórí ilé-iṣẹ́ kan, àmì tí kò dára ni. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe pé èèyàn ní ohùn ìlú rẹ̀ ni òun ń bá wí, bí kò ṣe pé kí àwọn tó ń gbọ́ ọ má lóye ohun tó ń sọ. Àwọn kan gba àlàyé náà, àwọn kan kò gbà á. Ó dára kí ọmọ Yorùbá tó ń lọ síwájú irú àwọn olùdókòwò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìdájọ́ lè wà lórí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kó sì múra láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ yékéyéké, láìjẹ́ pé ó ń sín ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìgbà tó fi ipò sílẹ̀

Ní ọdún 2014, Graham gbé ipò ààrẹ Y Combinator fún Sam Altman. Ẹni àádọ́ta ọdún kò tíì pé nígbà náà. Ní ọdún 2016, òun àti ìdílé rẹ̀ kó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti bí i. Ó ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Bel, ó sì ń kọ àròkọ lọ. Garry Tan, tí òun náà ti gba Y Combinator kọjá rí, ló di olórí ibẹ̀ ní ọdún 2023.

Ohun tí òbí lè béèrè

Bí ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ startup wá sílé, ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ta ló nílò ohun tó fẹ́ ṣe, ṣé ó sì ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Èkejì, ta ni wọ́n jọ fẹ́ ṣe é, ṣé wọ́n sì ti kọ àdéhùn àárín ara wọn sílẹ̀? Ẹ̀kẹta, owó tó ń wá, ṣé ìpín ni wọ́n fẹ́ gbà ni, àbí gbèsè ni, èlé ha wà nínú rẹ̀ bí? Ẹ̀kẹrin, bí kò bá yọrí, kí ló máa ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́: ìmọ̀ àti orúkọ rere, àbí gbèsè?

Ọmọ tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ẹni tó ń ṣeré. Òbí tí kò sì ní mílíọ̀nù láti fi ràn án lọ́wọ́ ṣì lè ṣe nínú ohun tí Julian Weber ṣe, nítorí pé ìmọ̀ràn àti ìwé òfin wà nínú ohun tí lọ́yà náà fún wọn, pẹ̀lú owó.